Káàdì ìdáhùn ìṣirò: kámẹ́rà ti ń rí àwọn ọmọ ìlà ẹ̀yìn

Inú mi ń dùn gidigidi bí mo ṣe ń kọ ìjábọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀sán òní ni fóònù mi kọ́kọ́ ka káàdì gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì láìyọ ẹnìkan sílẹ̀, títí kan àwọn tó fẹ̀yìn ti ògiri. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí: ọmọ 46 ní prámárì kẹrin, fóònù kan ṣoṣo, kò sí tábúlẹ́ẹ̀tì, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣeé gbára lé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó ní àmì ArUco tirẹ̀, ìyẹn àpótí dúdú àti funfun tí kámẹ́rà lè fi mọ nọ́ńbà ọmọ náà, ó ń yí i kí lẹ́tà ìdáhùn tó yàn wà lókè, kámẹ́rà sì ń ka gbogbo wọn papọ̀. Ara Plickers, ètò kan tí àwọn olùkọ́ fi ń ka irú káàdì bẹ́ẹ̀, ni mo ti kọ́ ọgbọ́n náà, àmì tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Córdoba ní Spéènì gbé jáde ni mo sì ń lò, kí n lè ṣe é láìsí dátà.

Àwọn ohun tó ti parí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú ewé kan tí mo ń ṣí nínú Chrome ló ń ka àwọn káàdì náà. Termux, áàpù tó ń jẹ́ kí fóònù ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà, ló ń gbé ojú ewé náà jáde láti inú fóònù fúnra rẹ̀ báyìí, nítorí pé Chrome kì í jẹ́ kí ojú ewé lo kámẹ́rà àfi tó bá wá láti localhost (inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀) tàbí HTTPS (ìkànnì tó ní ààbò).  Lẹ́tà ẹ̀yìn káàdì ti bọ́ sí ipò tó yẹ: A wà lókè, D wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n B àti E pààrọ̀ ààyè, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún káàdì lójú kámẹ́rà ni ọwọ́ òsì rẹ̀ lójú ọmọ tó mú un. Mo ti yọ káàdì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0 kúrò, nítorí pé àwọn ọmọ ti ń pe ẹni tó bọ́ sí lọ́wọ́ ní “Òdo”. Àkójọ àmì ArUco tí mo ń lò, 4X4_50, ní àmì 50, nítorí náà bí a bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó ṣì kárí wa.

Ìlà ẹ̀yìn ni wàhálà. Kí n tó parí ìbéèrè ni fóònù ti máa ń ka àwọn ọmọ iwájú, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e sókè sí àwọn ìlà méjì tó kẹ́yìn, bí ẹni pé kò sẹ́ni níbẹ̀ ni. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ yẹn kan náà ni ojú èmi pẹ̀lú kì í sábà dé. Bí olùkọ́ bá béèrè pé, “Ta ló mọ̀ ọ́n?” ọwọ́ àwọn ọmọ mélòó kan tó wà níwájú ló máa ń gòkè lójoojúmọ́, a ó sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ lórí ìdáhùn wọn. Nítorí kí èyí lè dópin ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ káàdì yìí. Bí ẹ̀rọ náà bá tún ń rí kìkì àwọn tí à ń rí tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ asán ni mo ń ṣe.

Mo gbé tépù, mo wọn yàrá náà. Mítà 8 ló wà láàárín ibi tí mo ń dúró sí àti ògiri ẹ̀yìn, fífẹ̀ ohun tí kámẹ́rà mi ń rí ní ọ̀nà jíjìn yẹn sì tó nǹkan bíi mítà 10. Bí kóòdù kò bá sọ ìwọ̀n àwòrán tó fẹ́, píksẹ́lì 640 sí 480 ni Chrome sábà máa ń fún un; píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Nínú píksẹ́lì 640 tí a tẹ́ sórí mítà 10, àmì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 kò ní ju píksẹ́lì 8 lọ. Àpótí kéékèèké mẹ́fà ló wà ní ìbú àmì náà, tí a bá ka etí dúdú rẹ̀ mọ́ ọn. A jẹ́ pé àpótí kan kò rí tó píksẹ́lì méjì gbà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè fi ìyẹn mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Nígbà tí mo kọ ọ́ sínú kóòdù pé 1920 sí 1080 ni mo fẹ́, ìlà kejì láti ẹ̀yìn yọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ṣì ń yọ, ó ṣì ń pòórá.

Ibẹ̀ ni mo ti wá fura sí náílọ̀n. Mo ti láminéètì gbogbo káàdì kí òógùn ọwọ́ má bàa bà wọ́n jẹ́, ó sì ná mi lówó. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń dán lára náílọ̀n náà, ibi tó bá sì dán, funfun ni kámẹ́rà ń kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ dúdú. Mo ní kí ọmọ kan ní ìlà ẹ̀yìn rọra tẹ káàdì rẹ̀ síwájú díẹ̀, àmì náà yọ; ó gbé e nàró padà, ó pòórá. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yọ rárá bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́, àfi ìgbà tí mo sún mọ́ ọn tí mo rí i pé ó fi àtàǹpàkò méjèèjì di etí káàdì mú bí ẹni tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé ìwé mọ́ lọ́wọ́. Ó ti bo funfun tó yí àmì ká, bẹ́ẹ̀ láìsí funfun yẹn, kámẹ́rà kò lè mọ ibi tí àmì ti bẹ̀rẹ̀.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé kí n ṣe káàdì ńlá fún àwọn ará ẹ̀yìn nìkan. Mo ti ń gé páálí lọ kí n tó pa èrò náà tì, nítorí pé káàdì ńlá yóò di àmì “ọmọ ẹ̀yìn”, ọmọ tó bá sì sún síwájú yóò ní láti gba káàdì mìíràn. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn yóò lò. Mo fẹ́ fi àmì onísẹ̀ǹtímítà 18 kún ìwé A4, ṣùgbọ́n ìwé náà kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 21 lọ, funfun tó máa ṣẹ́ kù kò sì ní pé àpótí kan. Mo padà sí 15. Pẹ̀lú 1920, ìyẹn ń fún wa ní nǹkan bíi píksẹ́lì 28 lọ́dọ̀ ògiri ẹ̀yìn, funfun ẹ̀gbẹ́ sì tó sẹ̀ǹtímítà 3 lọ́tùn-ún lósì.

Agbowó ní Ìbàdàn ni mo ti tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó béèrè kí ó tó sanwó bóyá tónà, tó jẹ́ lúbúlúbú, ni ẹ̀rọ wọn ń lò tàbí íǹkì olómi, nítorí pé íǹkì máa ń ṣàn bí òógùn bá kàn án. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà sí, dúdú wọn ti di eérú, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì ń bẹ̀ mí pé, “Màmá, ẹ fara mọ́ ọn, ó ṣì ṣeé kà.” Mo kí i pé ó dàbọ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé náà mọ́ páálí íńdómì, mo gé páálí tóóró mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìdímú, n kò sì fi náílọ̀n kankan bò ó. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká owó títẹ̀ lè fi rúlà ya àmì náà, kó sì fi ọ̀dà tí à ń kùn pátákó ìkọ̀wé kùn ún. Ọ̀dà náà kì í dán.

Mo tún yí ohun kan padà nínú kóòdù, òun gan-an ni mo sì kà sí iṣẹ́ òní. Tẹ́lẹ̀, ìdáhùn tí kámẹ́rà bá kà nìkan ló máa ń wọ inú ìdá ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí kò bá rí, bí ẹni tí kò wá sílé ìwé ló ń ṣe sí i. Báyìí, nọ́ńbà gbogbo ọmọ wà lójú fóònù ní pupa, ó ń di àwọ̀ ewé bí wọ́n ṣe ń yọ, èsì kankan kò sì ní jáde títí pupa yóò fi tán tàbí tí èmi fúnra mi yóò fi tẹ̀ ẹ́ pé ọmọ náà kò wá. Kì í ya àwòrán pamọ́. Nọ́ńbà àti lẹ́tà nìkan ló ń kọ sílẹ̀.

Ìbéèrè òní ni pé èwo ló tóbi jù nínú 1/2, 1/3, 1/4 àti 1/8. Yorùbá ni mo fi béèrè rẹ̀, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Nígbà tí àwọn ará iwájú nìkan ń yọ, èsì irú ìbéèrè yìí máa ń dára débi pé mo ti ṣètò láti bọ́ sí 3/4 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lónìí tí gbogbo wọn yọ, 1/8 ni ọ̀pọ̀ nínú ìlà ẹ̀yìn yàn, nítorí pé 8 ju 2 lọ. N kò tíì fẹ́ sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé wọn kò rí ohun tí mo kọ sójú pátákó dáadáa. Nítorí náà 3/4 yóò dúró ná. Lọ́jọ́ Ajé, màá pàrọ̀ ibi ìjókòó, màá kọ nọ́ńbà gàdàgbà, màá sì béèrè ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó pín ìwé tóóró fún wọn láti ká sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ. Ìdá mẹ́ta ni n kò tíì mọ bí wọn yóò ṣe ká a kí ó dọ́gba. Ẹni tó bá ti rí ọgbọ́n rẹ̀ dá pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi.