Abẹ́ òkun ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà

Oṣù Kẹta 2024, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Mo fẹ́ fi fóònù sanwó ẹ̀wà, owó kọ̀, kò lọ. Ìyá ẹlẹ́wà ní, "Àbí sátẹ́láìtì ló bàjẹ́?"

Mo ní, "Rárá, mà. Àwọn wáyà abẹ́ òkun ló já nítòsí Abidjan."

"Wáyà? Nínú omi?"

Bẹ́ẹ̀ ni o! Gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ wa sáré. Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ á pín sí wẹ́wẹ́, ìkọ̀ọ̀kan á gbé àdírẹ́sì tirẹ̀ dání. Bí ọ̀nà kan bá dí, wọ́n á gba òmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà tó dí ti pọ̀ jù.

Ìbéèrè wọn tó tẹ̀lé e wú mi lórí gan-an: "Ta ló wá ń lọ so ó?" Ọkọ̀ ojú omi kan wà fún un: á fa wáyà sókè, wọ́n á so ó, wọ́n á dá a padà sísàlẹ̀ òkun.