Ògì kọ̀, kò dì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́ ti lẹ́.

Fóònù mi kú lóru. Wọn ò tíì mú iná wá láti àná, mi ò sì rántí fi í sórí pawabáǹkì kí n tó sùn, bẹ́ẹ̀ ni aago tó yẹ kó jí mi ní 4:45 kò dún. Àkùkọ ilé kejì ló ṣe mí lóore. Nígbà tí màá fi wo aago ara ògiri, 5:25 ti lù. Ọkọ̀ iléèwé àwọn ìbejì máa ń fun fèrè lẹ́nu géètì wa ní 6:15, èmi náà sì gbọ́dọ̀ tètè kúrò ní Ìkòròdù, torí ẹni tó bá pẹ́ kó tó dé Mile 12 láàárọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Mo ní kò séwu, ògì ni. Kí ló tún yá ju ògì lọ? Omi gbígbóná wà nínú fúláàsì láti alẹ́. Ọgbọ́n tí mo dá nìyẹn, kí n má baà máa dúró ti kẹ́tù láàárọ̀. Mo bu ògì sínú abọ́, mo fi omi tútù díẹ̀ pò ó títí tó fi kúnná, mo da omi fúláàsì lé e, mo ń rò ó.

Kò dì. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe yẹ kó rí: bí omi tó ń hó bá ti kàn án, funfun bí ẹfun yẹn á pòórá, á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ṣíbí á máa wúwo lọ lọ́wọ́ ẹni. Tèmi funfun kalẹ̀. Mo rò ó, rò ó, ó ń ṣàn wọ̀ọ̀. Omi tó sun inú fúláàsì mọ́jú gbóná tó láti fi po tíì ni, kò gbóná tó láti fi po ògì. Mo sáré dà á sínú ìkòkò, mo gbé e kaná. Níbi tí mo ti yíjú sẹ́yìn pé kí Kẹ́hìndé wá wọ bàtà, ìsàlẹ̀ ìkòkò ti dì, òkè ṣì jẹ́ omi. Kí n tó rí ọmọrogùn mú, ó ti di kókó, òmíràn tó ẹyin àparò.

"Mọ́mì, kí nìwọ̀nyí?" Táíwò ló ń béèrè, ó fi ṣíbí gbé ọ̀kan sókè.

"Ẹ̀kọ ni. Mu èyí tó bá ṣeé mu, kó o jẹ èyí tó bá ṣeé jẹ."

Ẹ̀pà ló kó mi yọ. Ike ẹ̀pà lílọ̀ kan wà tí mi ò kì í jẹ́ kó tán nílé. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń yan ẹ̀pà náà, màá bó èèpo rẹ̀, màá kó edé gbígbẹ díẹ̀ mọ́ ọn, màá lọ̀ ọ́ gbẹrẹfu. Ṣíbí méjì nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, mo rò ó pọ̀, kókó náà kò hàn mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹyin bíbọ̀ mẹ́ta wà nílẹ̀ tí mo ti bọ̀ mọ́ ìkòkò oúnjẹ alẹ́ àná. Mo bó wọn, ó di jíjẹ. 6:12, wọ́n ti wà lẹ́nu géètì, ẹnu Kẹ́hìndé ṣì ń lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yẹn nígbà tí àwọn ìbejì pé oṣù mẹ́fà. Ó gbé abọ́ ògì kan sójú wa, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, èyí á kún ikùn ọmọ o, ṣùgbọ́n kò ní mú un dàgbà tó." Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Àgbàdo fúnra rẹ̀ kò ní èròjà amúaradàgbà púpọ̀. A tún wá rẹ ẹ́, a lọ̀ ọ́, a fi asẹ́ sẹ́ ẹ, a sì da èèrí rẹ̀ fún ewúrẹ́. Apá kan nínú oore àgbàdo náà bá èèrí lọ. Ewúrẹ́ ló ń jẹ̀gbádùn. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀pà, amúaradàgbà ibẹ̀ tó nǹkan bíi 25 gíráàmù. Ẹyin kan ṣoṣo ní bíi 6. Láti ọjọ́ náà, mi ò po ògì lásán fún ọmọ kankan mọ́.

Ẹ̀wà náà dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí ni wàhálà tèmi: gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìbejì fẹ́ràn ẹ̀wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n dáyé ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n máa se ẹ̀wà fún wọn. Kẹ́hìndé á jẹ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Táíwò kò fẹ́ rí i sójú. Tí wọ́n bá fi dín àkàrà nìkan ló ń gbà á, á sì ní àkàrà kì í ṣe ẹ̀wà.

Mo gbìyànjú àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò pò ó kó wú tó. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ alákàrà ìdí òpó iná ni mo ti ra tèmi lónìí nígbà tí mò ń sáré lọ wọkọ̀. Mo dúró wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi ṣíbí bu ẹ̀wà, ó fi ìka kan tì í sínú epo, ó rì, ó léfòó, etí rẹ̀ ń hó yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́; kó tó bu ìkẹfà, àkọ́kọ́ ti tó yí padà. Mo bi í pé aago mélòó ló ń jí.

"Ìyá Ìbejì, ṣé jíjí? Aago mẹ́ta mo ti ń bó ẹ̀wà."

Ìṣẹ́jú kan ni mo lò níwájú rẹ̀. Nínú BRT ni mo ti wá ń rò ó. Ògì tí mò ń pè ní oúnjẹ kíákíá yìí, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló fi wà nínú omi kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n sẹ́ ẹ tán, ó tún sùn kó tó kan. Ológì ti ṣe gbogbo èyí tó gba àkókò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún mi ni kí omi hó, òun náà ni mo fẹ́ fi ọgbọ́n yẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ mìíràn kì í rí báyìí. Ọjọ́ Ajé, mọ́ínmọ́ín tí mo sè lálẹ́ Sọ́ńdè ni mò ń gbé gbóná. Tó bá jẹ́ iṣu, màá gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ kó lè tètè jinná, pẹ̀lú ata àti ẹyin. Ìgbà kan mo ń lọ ẹ̀wà sílẹ̀ sínú fírísà, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ kan. Mo ti jáwọ́ níbẹ̀.

Lálẹ́ yìí mo pe ìyá ọkọ mi. Mo ní, "Màámi, ògì kọ̀ mí láàárọ̀."

"Omi ọ̀hún kígbe àbí kò kígbe?"

"Kò kígbe, Màá. Inú fúláàsì ló wà láti àná."

"Háà! Omi ìwẹ̀ lo fi po ògì fún àwọn ọkọ mi?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní bí mo bá ti da omi lé ògì tó kọ̀, kí n má gbójú kúrò lára rẹ̀, kí n máa rò ó lórí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ìdí ìkòkò ni kí n máa fi ọmọrogùn họ.

Ọ̀dùnkún wà lórí gáàsì báyìí fún àárọ̀ ọ̀la, mo fi ẹyin mẹ́rin sí i. Iná kò tíì dé. Fóònù wà lórí pawabáǹkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Mo ti fọ fúláàsì, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí pẹpẹ. Omi tíì nìkan ni yóò máa gbé láti òní lọ.