Eku ilé ìyá àgbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ mi ní agbègbè Kàbà ni kí n máa wá ibà tí oògùn ibà kò ràn. Ìyá àgbà kan ní Ìyàrà bi mí pé kí ló kan ìjọba nínú eku ilé òun. Mo ní, "Ìyá, ìtọ̀ rẹ̀ ni." Eku tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì Lassa, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa irú ibà bẹ́ẹ̀, kì í ṣàìsàn rárá, ṣùgbọ́n ó lè tọ̀ sórí gààrí tí a sá, kí ẹni tó bá jẹ ẹ́ sì kó ibà náà.

Ọjọ́ 21 la fi ń ṣọ́ ẹni tó bá fara kan aláìsàn, à ń wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ibẹ̀ ló le jù: wọ́n á sá lọ sóko, èmi náà á gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn!

Ìyá àgbà ti ra ike onídèérí. Ó ní kí ìjọba wá fún òun ní ológbò.