Ẹ má pè é ní wèrè, ẹ dá a lóhùn

Nígbà kan, bí ẹnìkan bá ń bá IRS, ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, jiyàn pé òfin owó-orí kò mú òun, àmì kan wà tí wọ́n máa ń fi sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀: “alátakò owó-orí arúfin”. Àmì náà kì í tètè kúrò. Ẹni tó ti yí padà, tó ti san gbèsè rẹ̀ tán, ṣì lè máa rù ú kiri, òṣìṣẹ́ tó bá sì ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè ti fojú ọ̀daràn wò ó kó tó ka lẹ́tà rẹ̀.

Lóṣù Keje ọdún 1998 ni òfin àtúnṣe IRS, abala 3707, fòpin sí i. “Ẹni tí kò fi ìwé owó-orí sílẹ̀” ni òfin náà ṣì gbà kí wọ́n pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá sì ti fi ìwé tó péye sílẹ̀ fún ọdún méjì léra wọn, tó san owó tó wà nínú wọn, orúkọ yẹn náà gbọ́dọ̀ kúrò.

Ó dára bẹ́ẹ̀, torí orúkọ burúkú kì í dáhùn ìbéèrè. Lọ́dún 1984, nínú ẹjọ́ Crain, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan sọ pé kò sídìí láti fi àlàyé rẹpẹtẹ fèsì irú àwíjàre wọ̀nyí, kó má baà dà bíi pé òótọ́ kan wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn, ó yé mi. Àmọ́ lójú ẹni tó gba nǹkan náà gbọ́, ẹni tí kò dáhùn ń fi nǹkan pa mọ́ ni. Ìdáhùn sì wà, kò tiẹ̀ gùn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ohio. Àwọn alátakò owó-orí sọ pé Ohio kò tíì di ìpínlẹ̀ lábẹ́ òfin títí di 1953, nítorí náà àtúnṣe kẹrìndínlógún sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó fàyè gba owó-orí lórí owó tó ń wọlé, kò fìdí múlẹ̀ ní 1913. Lóòótọ́ ni Kọ́ńgírẹ́sì ṣe ìpinnu kan lórí Ohio ní 1953, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n kà á sí ìpínlẹ̀ láti 1803. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, ìpínlẹ̀ 36 ni wọ́n nílò kí àtúnṣe náà tó fìdí múlẹ̀. 38 ni ìjọba kéde lóṣù Kejì 1913 pé ó ti fọwọ́ sí i. Ẹ yọ Ohio kúrò, 37 ṣẹ́ kù.

Àwọn tó ń sọ pé owó iṣẹ́ kì í ṣe owó tó ń wọlé, kí wọ́n ka abala 61 òfin owó-orí. Owó iṣẹ́ ló ṣáájú nínú ohun tí wọ́n tò síbẹ̀ pé ó jẹ́ owó tó ń wọlé.

Ìgbàgbọ́ tòótọ́ ní àyè tirẹ̀ nílé-ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ John Cheek, awakọ̀ òfuurufú, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 1991 pé ẹni tó ṣi òfin náà gbọ́ tọkàntọkàn lè má jẹ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ rú u, bí èrò rẹ̀ tilẹ̀ ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òfin náà tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún ẹjọ́ Cheek gbọ́, wọ́n sì tún dá a lẹ́bi.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni lẹ́tà tí IRS fi ń sọ iye tí wọ́n ní ó kù lọ́rùn ẹni. Ẹni tó gba irú àwíjàre wọ̀nyí gbọ́ á kọ “mi ò gbà á” sí i lára, á dá a padà, ọjọ́ 90 tí òfin fún un á sì kọjá. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó lè lọ sí Ilé-ẹjọ́ Owó-orí láìtíì san gbèsè náà. $60 ni owó ìwé ẹ̀sùn. Bó bá kó rìsíìtì dání, gbèsè náà lè dínkù. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Ohio ló gbé lọ, adájọ́ lè bu ìtanràn tó tó $25,000 lé e.