Ààrò Mẹ́rin, Ilé Kan

Ọ̀rọ̀ ààrò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nígbà ìkànìyàn ọdún 2006. Ọ̀dọ́kùnrin tó wá kà wá kò tíì jókòó dáadáa tó fi bi Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ààrò mélòó ni wọ́n ti ń dáná nínú ilé yìí?" Ìyá Àgbà ní kí ló kan ìjọba pẹ̀lú ààrò òun, àbí wọ́n tún fẹ́ gba owó-orí lórí ọbẹ̀ ni? Nígbà tó wá béèrè iye ọmọ tó wà nílé, Ìyá Àgbà bá dìde. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá mi ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó padà jókòó.

Ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn nídìí. Lójú àwọn tó ń ka èèyàn ní Nàìjíríà, àwọn tó ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan. Ààrò mẹ́rin ló wà nínú agbo ilé wa nígbà yẹn: ti Ìyá Àgbà, ti ìyá mi, ti Ìyá Ìbejì tó jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àti ti ìyàwó àbúrò bàbá mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wa ń gbà wọlé. Àwọn ọmọdé ló wá dá iṣẹ́ rú. Táíwò, ọmọ Ìyá Ìbejì, kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Yóò mu ẹ̀kọ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà láàárọ̀, yóò bá wa jẹ iyán lọ́sàn-án, yóò lọ jẹ ẹ̀wà alẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó tuntun torí pé ó mọ ẹ̀wà sè, orí ẹní mi ni yóò sì sùn. Akànìyàn náà fi bírò họ orí. "Ìdílé wo ni kí n kọ eléyìí sí báyìí?" Wọ́n ní ibi tó sùn mọ́jú ni kó kọ ọ́ sí. Bí Táíwò ṣe di ará ìdílé wa nínú ìwé ìjọba nìyẹn.

Ó wá ku ọjọ́ orí Ìyá Àgbà. Kò sí ìwé ìbí, àmọ́ wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá a. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ọ̀sán dòru, ṣé wọ́n ti bímọ? Ọjọ́ yẹn ni 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, tí òṣùpá bo òòrùn pátápátá. Ìyá Àgbà ní bàbá mi wà lẹ́yìn àwọn, àwọn sì sáré wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ni ìkànìyàn yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta náà ló tún bọ́ sí ní ọdún 2021, nígbà tó kàn mí láti ka ilé tèmi fúnra mi ní Lincoln, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lincoln kì í ṣe ìlú ńlá, kì í sì í ṣe abúlé. Nǹkan bí 103,900 èèyàn ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún náà. Ẹnikẹ́ni kò wá kanlẹ̀kùn. Lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́, kóòdù wà nínú rẹ̀, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù níbi tí mo ti ń dín dòdò. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò kọ ọ́ lè san ìtanràn tó tó 1,000 pọ́n-ùn.

Ó yà mí lẹ́nu pé ìdáná ni àwọn náà fi ń mọ ilé. Ẹni tó ń dá gbé, tàbí àwọn tó jọ ń lo ilé ìdáná kan tí wọ́n sì jọ ní pálọ̀ tàbí yàrá ìjẹun, ìdílé kan nìyẹn, wọn ì báà má bá ara wọn tan. Àmọ́ ìkòkò ni tiwa ń wò, yàrá ni tiwọn ń wò. Mo ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé: a jẹ́ mẹ́rin, sítóòfù kan ni gbogbo wa ń lò, kálukú lẹ orúkọ mọ́ mílíìkì rẹ̀. Ọdún kan gbáko, n kò tọ́ ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni wò rí.

Fọ́ọ̀mù náà bi mí ní ohun tí Nàìjíríà kò bi mí. Wọ́n yọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò nínú ìbéèrè ọdún 2006, nítorí awuyewuye tó máa ń tìdí rẹ̀ yọ. Níhìn-ín, wọ́n béèrè méjèèjì, wọ́n tún béèrè èdè tí mo ń sọ jù. Mo kọ Yorùbá síbẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ibi tí wọ́n ti ní kí n sọ bí ará ilé kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí ara wọn ni ọwọ́ mi ti dúró. Ọkọ mi ní àpótí tirẹ̀, àwọn ọmọ mi méjèèjì náà ní. Táíwò ńkọ́? Òun kan náà ni o. Ó ti wá kàwé ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Àbúrò mi ni. Mo wá àpótí àbúrò, ti ọmọ ìyá ẹni nìkan ni mo rí. Ibi tó kù fún un ni "ìbátan mìíràn". Ọmọ tó sùn lórí ẹní mi! Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ torí pé òfin ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde, wọ́n ní 59.6 mílíọ̀nù èèyàn ló wà ní England àti Wales, nínú ìdílé 24.8 mílíọ̀nù. Tí a bá pín in, èèyàn 2.4 ló bọ́ sí ìdílé kan. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 rí 4.7. Nínú ìdílé mẹ́wàá níhìn-ín, mẹ́ta ló jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, àwọn tí mo ń tọ́jú lẹ́nu iṣẹ́ kò sí nínú ìdílé 24.8 mílíọ̀nù yẹn rárá. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣiṣẹ́. Bí arúgbó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, tàbí tí wọ́n retí pé yóò lò ó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń gbé inú ìdílé. Òun, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì àti ẹlẹ́wọ̀n jọ wà lábẹ́ orúkọ kan. Bíi mílíọ̀nù kan ni gbogbo wọn. Mo ń wẹ̀ fún màmá kan níbẹ̀ tó bí ọmọ mẹ́rin. Ó máa ń dárúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn, láràárọ̀. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, kò sí nínú ìdílé kankan!

Mo tún rí bí èèyàn ṣe ń kúrò nínú ìdílé bọ́ síbẹ̀. Ògiri kan ló là wá láàárín pẹ̀lú màmá tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ṣubú lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlú mìíràn pè, pè, tí kò gbé e. Ilẹ̀ ni wọ́n bá a. Mo wà nílé ní gbogbo ọjọ́ méjèèjì yẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò padà sílé mọ́.

Ìyá tèmi náà ṣubú ní balùwẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá mi ti kú, Ìyá Àgbà ti kú. Ìyá Ìbejì ń bá ọmọ gbé l'Ékòó, àbúrò bàbá mi àti ìyàwó rẹ̀ wà l'Ábújá. Nínú ààrò mẹ́rin, gáàsì kan ṣoṣo ló kù. Tí ẹ bá béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀, wọn yóò ní màmá nìkan ni. Irọ́ ni o. Ọmọbìnrin aládùúgbò ń wá sùn tì wọ́n lálaalẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì gba yàrá iwájú. Lórí ìwé, ayálégbé ni, ìkòkò tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ọbẹ̀ ìyá mi ló ń jẹ. Òun ló gbọ́ ariwo tó já wọlé, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé wọn dé ọsibítù.

Mi ò sọ pé tiwa dára tán. Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì ni kò ní akẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá iwájú, arúgbó kan sì wà nínú yàrá mẹ́jọ. Àwa tí a jáde la sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òyìnbó mọ iye arúgbó tirẹ̀, ó ń fún wọn lówó ìfẹ̀yìntì, ó ń fi aago sí wọn lọ́rùn tí wọ́n lè tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Ìpínlẹ̀ wa náà gbìyànjú ní ọdún 2011, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìní tó ti lé ní ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣù. Ìyá Àgbà gbà á, bó ti kéré tó, wọ́n ń fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí wọ́n tó lè san án, wọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ àwọn àgbà náà, ilé dé ilé. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ wọ́n báyìí? Wọ́n sún ìkànìyàn ọdún 2023 síwájú. Iye tí wọ́n kà ní Èkìtì lọ́dún 2006, èèyàn 2,398,957, ló ṣì wà nílẹ̀. Èmi wà nínú iye yẹn. Bàbá mi wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé bí àwọn akànìyàn bá dé lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má gbàgbé ọmọbìnrin yẹn, kí wọ́n sì dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Mo ní wọn kì í ka ẹni tí kò sí nílé, mà.

"Yàrá rẹ ṣì wà níbẹ̀," wọ́n ní. "Mo gbá a láàárọ̀ yìí."