Ìpàdé onílé ti òní

Sátidé, alẹ́

Ìpàdé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa kò tú títí ó fi di aago kan ọ̀sán. Mo ti délé tipẹ́, mo ti dáná, mo ti jẹun, síbẹ̀ ọkàn mi kò tíì kúrò lábẹ́ igi máńgòrò tí a ti ń jókòó.

Akápò ló ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó tírànsífọ́mà. Ilé mẹ́rin ni. Màmá opó tí ilé wọn kọjú sí tèmi ló gbẹ̀yìn. Ọkùnrin kan bá dìde, ó ní kí wọ́n já wáyà iná àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí òpó, kí ẹlòmíì lè fi ṣàríkọ́gbọ́n. Bàbá alága ní kí ẹni tó bá fọwọ́ sí i nawọ́ sókè. Ọwọ́ tó lọ sókè kò kéré. Màmá náà kò sí níbẹ̀, wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi kò nawọ́, ṣùgbọ́n n kò la ẹnu mi. Ìyẹn ló ń dùn mí títí di báyìí.

N kò kórìíra ẹgbẹ́ yìí o. Nígbà tí mo kó wá sí ẹ̀yìn ìlú Kàbà níbí, òpó wà, iná kò sí. A kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ iná títí, wọ́n ní ká máa retí. Ẹgbẹ́ ló ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dá 60,000 náírà, tí a fi ra tírànsífọ́mà àti wáyà fúnra wa. Ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ náà tún ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, àríyànjiyàn lórí owó wọn ló máa ń tú ìpàdé ká. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 200 sì sá jáde. Láti ìgbà náà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ráhùn owó ọlọ́dẹ mọ́. Bí mo bá gbọ́ fèrè wọn ní aago méjì òru, màá yí ẹ̀gbẹ́ kejì, màá sùn lọ. Oorun yẹn ju owó tí mo ń san lọ.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ ẹgbẹ́ fún wa? Ọjọ́ tí mo já yanrìn àkọ́kọ́ sórí ilẹ̀ mi ni mo tó mọ̀ pé owó ìdàgbàsókè wà. Àwọn ọ̀dọ́ ló dúró síwájú típà, wọ́n ní kò ní já ẹrù rẹ̀ àyàfi tí mo bá san. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi kò sọ ọ́. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá lọ́wọ́ mi ń san 1,000 náírà fún ẹgbẹ́ lóṣù bíi tèmi gan-an, ṣùgbọ́n ayálégbé kì í jókòó ní ìpàdé wa. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Màmá, ta ni mo lè bi pé kí ni wọ́n fi owó mi ṣe?" N kò rí èsì fún un.

Lánàá ni mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìlú náà kò ní òfin tó pín ilẹ̀ sí ti ilé gbígbé àti ti òwò bíi tàwọn ìlú ńlá yòókù ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ìwé àdéhùn ilẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ti kọ̀wé sí i pé koríko iwájú ilé rẹ̀ ga jù. Ọ̀dà tó wù ú kọ́ ló lè fi kun ilé rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè ná. Ó ní, "Àǹtí mi, bí mo bá kọ̀ tí n kò san owó ọdún, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ, kí wọ́n ta ilé náà mọ́ mi lórí." Ẹ̀rù bà mí. Àmọ́ ó ka gbogbo rẹ̀ nínú ìwé kó tó fọwọ́ sí i. Òfin Texas sì fún un láṣẹ láti béèrè ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa kò ní ju ìwé kékeré kan lọ, tó ń ti ọwọ́ akápò kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. N kò rí ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹgbẹ́ lè já wáyà ọmọlàkejì. Màmá náà ti san 30,000 nínú gbèsè yẹn. Nígbà tí à ń fa wáyà, Màmá náà gún iyán fún àwọn òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, nínú iṣu oko wọn, èmi ni mo sì ń bá wọn ro ọbẹ̀. Kò sí èyí nínú ìwé akápò.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ bá Màmá náà. "Ọ̀kun o," ni mo fi kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n sì ní kí n jókòó. Ara ọmọ náà ti ń balẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa. Wọn kò sọ̀rọ̀ owó rárá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi, kí lo sọ níbẹ̀?"

Mo ní n kò sọ nǹkan kan.

Mo ti kọ lẹ́tà sí Bàbá alága báyìí. Mo ní kí wọ́n má ì já wáyà ẹnikẹ́ni kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí a jókòó kọ òfin ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí olúkúlùkù ní ẹ̀dà kan, kí àwọn ayálégbé sì yan ẹni méjì tí yóò máa bá wa jókòó. Orúkọ mi ni mo fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó mú un lọ bá wọn nílé kí wọ́n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.