Ìlú Ni Mi Ò Tètè Tẹ̀ Dó

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbá Civilization VI, géèmù ìtẹ̀dó ìlú àti ogun tí Firaxis gbé jáde ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n ìpele Prince, níbi tí kọ̀ǹpútà kò ti ní àǹfààní kankan jù mí lọ, ni mo há sí. Mo rò pé ogun ni mi ò mọ̀ ọ́n jà, àṣé ìlú ni mi ò tètè tẹ̀ dó, nítorí pé gbogbo agbára olú-ìlú mi ni mo ń ná sórí àwọn ilé àràmàǹdà tí ẹlòmíràn máa ń parí ṣáájú mi. Stonehenge, ọ̀kan lára àwọn ilé náà, ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí nígbà tó ku ìgbésẹ̀ kan péré, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nísinsìnyí, omi ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ìlú tó wà létí odò ní àyè ilé gbígbé 5 láti ìbẹ̀rẹ̀, ti etí òkun ní 3, èyí tí kò ní omi rárá sì ní 2, ìdí nìyẹn tí omi fi ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn náà ni mo ń wá òkè ńlá, torí pé òkè ńlá kọ̀ọ̀kan tó bá yí Campus, àdúgbò ìmọ̀ ìlú, ká ń fi ìmọ̀ 1 kún un ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oníkànnàkànnà ni mo sì ń jẹ́ kó pa ẹhànnà àkọ́kọ́, kí ẹ̀kọ́ ọfà títa lè yá.

Mo ti borí ní ìpele King báyìí. Ní Emperor, ìpele tó tún le ju King lọ, wọ́n ṣì ń nà mí bí ẹni lu bàrà.